Èèkan Tẹ̀ Lé Mi Dé Ọ̀tà

Bàbá mi, ẹ kú ilé o, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Mo kúnlẹ̀ kí ẹ̀yin àti Ìyá mi. Káyọ̀dé, àbúrò mi tó ń ka lẹ́tà yìí sí yín létí, mo kí òun náà. Kó rọra kà á, kó má fo ìlà kankan. Fóònù kì í jẹ́ ká sọ̀rọ̀ délẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́.

Ara mi le. Iléeṣẹ́ tí a ti ń ṣe ọ̀rá náílọ́ọ̀nù ní Ṣàngó-Ọ̀tà ni mo ṣì wà. Ooru ẹ̀rọ ń mú wa nínú ilé, oòrùn ń pa wá lóde. Bí mo bá padà sí yàrá mi ní Ìyànà Ìyẹsí nírọ̀lẹ́, orin ṣọ́ọ̀ṣì kan á máa wọ inú orin òmíràn, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì á máa kọjá lọ, n kò sì mọ ẹnì kankan nínú wọn. Àárò yín máa ń sọ mí gan-an lásìkò yẹn.

Ọ̀rọ̀ Ìyá onílé mi ni mo fẹ́ sọ. Ọkọ wọn tó ti dolóògbé fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbin koríko kápẹ́ẹ̀tì síwájú ilé. Àràárọ̀ ni Ìyá máa ń rìn lórí rẹ̀ láìwọ bàtà, tí wọ́n á máa gbàdúrà jẹ́ẹ́jẹ́. Lọ́dún yìí ni koríko èèkan wọ ibẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó mú bí abẹ́rẹ́ gún Ìyá lẹ́sẹ̀, ẹsẹ̀ náà sì wú. Ṣadé, ọmọ wọn obìnrin tí a jọ jẹ́ ẹgbẹ́, wá láti Ìkẹjà, ó ní sìmẹ́ńtì lòun máa dà sí gbogbo ibẹ̀. N kò bá a wí, ẹsẹ̀ ìyá ẹni kì í ṣe nǹkan eré. Ìyá kàn lọ jókòó sídìí igi gúáfà, wọn kò sì jẹun alẹ́. Ni mo bá bẹ Ṣadé pé kó fún mi láyè títí òjò yóò fi dá.

Ọmọ àgbẹ̀ ń yangàn! Ọkọ́ ni mo mú, mo ro ó, ó mọ́ féfé. Kò pẹ́ tí èèkan tún yọ, ó pọ̀ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tí mo pè yín, ẹ rẹ́rìn-ín títí, ẹ ní, "Gbòǹgbò tí o gé wẹ́wẹ́ yẹn, o gbìn ín ni." Ẹ ní kí n dúró kí òjò mú ilẹ̀ rọ̀, kí n fi ọwọ́ tọ gbòǹgbò kọ̀ọ̀kan dé ìdí, pé ibi tó bá ki jù, kí n má jẹ́ kó rí oòrùn. Àwọn aládùúgbò ní kí n ra oògùn apakoríko, ṣùgbọ́n Ìyá kò fẹ́ fi ẹsẹ̀ tẹ oògùn.

Mo tọrọ ọ̀rá dúdú tó ti ya lọ́wọ́ ọ̀gá wa. Ó bi mí bóyá òkú ni mo fẹ́ fi dì. Mo tẹ́ ẹ bo ibi tó ki, mo gbé òkúta lé e, mo wá ń fi ọwọ́ tú ibi yòókù lẹ́yìn òjò. Bàbá mi, bí mo bá ti ki ọwọ́ bọ ilẹ̀ tútù yẹn, tí mo ń tọ gbòǹgbò funfun náà lọ, ó máa ń ṣe mí bíi pé ó gba abẹ́ ilẹ̀ wá láti oko wa lọ́nà Adó-Àwáyè ni, pé bí mo bá ń tọ̀ ọ́ lọ tí kò já, ẹsẹ̀ yín ni ọwọ́ mi máa bà. Ilẹ̀ máa ń ṣú mọ́ mi níbẹ̀.

Nígbà tí mo ká ọ̀rá kúrò, èèkan ti kú, kápẹ́ẹ̀tì tó wà láàárín rẹ̀ náà ti kú. Mo bù lára èyí tó dára, mo fi dí ibẹ̀. Ọjọ́ tí Ṣadé padà dé nígbà tí òjò dá, tí ọkọ̀ típà tó kó iyanrìn tẹ̀ lé e, ibẹ̀ ṣì rí bí orí tí wọ́n fá lábọ̀. Ìyá bọ́ sálúbàtà, wọ́n rìn láti ẹnu géètì dé ìdí gúáfà, wọ́n sì rìn padà. Ojú Ṣadé kò kúrò lẹ́sẹ̀ wọn. Òun náà bọ́ bàtà rẹ̀, ó rìn dé ìdí igi náà. Ó pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà wá.

Ó ní, "Kí wọ́n máa gbé iyanrìn yẹn lọ."

Láàárọ̀ àná, mo rí èèkan kan ṣoṣo lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Mo tú u tìdí tìdí. Kí n tó jù ú nù, mo fọ gbòǹgbò rẹ̀, mo jẹ ẹ́ lẹ́nu. Adùn díẹ̀ tí ẹ máa ń fún wa tọ́ wò lóko, nígbà tí iṣu tí a ń sun kò tíì jinná, ló wà níbẹ̀. Mo sunkún.

Ọlọ́run á dá yín sí fún wa, ẹ ó jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí Ìyá Àgbà àti gbogbo agboolé. Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Èèkan tó wà lẹ́nu ọ̀nà oko wa, ẹ má tú gbogbo rẹ̀ tán. Ẹ fi díẹ̀ dè mí.

Èmi ni ọmọ yín,
Àbẹ̀kẹ́