Mítà Tó Pe Ìyàwó Tuntun ní Olè

Ojúlé Kejìlá,
Òpópónà Ìdí-Ọ̀pẹ,
Atikori, Ìjẹ̀bú-Igbó.
Ọjọ́ Kẹtàlá, Oṣù Kẹta, Ọdún 2025.

Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Iná Ìmọ́lẹ̀tóyè,
Òjówò, Ìjẹ̀bú-Igbó.

Ẹ̀yin Ọ̀gá,

ẸBẸ̀ PÉ KÍ Ẹ DÁ INÁ ILÉ WA PADÀ, KÍ Ẹ SÌ YỌ ORÚKỌ WA KÚRÒ LÁRA ÀWỌN TÓ Ń JÍ INÁ

1. Mo kí yín, mo kí gbogbo òṣìṣẹ́ yín. Orúkọ mi ni Abigail Ọlátúbọ̀sún. Orúkọ ìkẹyìn yẹn ṣì tuntun lẹ́nu mi, inú mi sì ń dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, nítorí ọjọ́ kìíní oṣù yìí ni mo di ìyàwó Ọ̀gbẹ́ni Bùsúyì Ọlátúbọ̀sún, tó ni mítà ilé wa. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má jẹ́ kí ayọ̀ mi bo ẹjọ́ tí mo mú wá mọ́lẹ̀.

2. Kí n tó dé, ọkọ mi nìkan ló ń gbé ilé yìí. Ilé ìkàwé yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ló ti ń ṣiṣẹ́. Ìdájí ló ń jáde, ọ̀nà ló ti ń jẹun. Gílóòbù kan àti fóònù rẹ̀ ni gbogbo ohun tó ń fi iná ṣe. Bí mítà ìgbàlódé tí ẹ fi sára ilé wa lọ́dún tó kọjá ṣe mọ̀ ọ́n nìyẹn.

3. Makun-Omi ni wọ́n ti bí mi, òwò ẹja ni ìyá mi fi tọ́ mi. Fìrísà ńlá wà nínú ẹrù ìyàwó mi, kí n lè máa ta ẹja dídì ní Atikori. Fáànù, áyọ́ọ̀nù àti tẹlifíṣọ̀n náà wà níbẹ̀. Nígbà tí a tan gbogbo wọn, ẹ̀rín ni ọkọ mi ń rín. Ó ní òun kò mọ̀ pé sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé òun pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

4. Kọ̀ǹpútà tí ẹ fi ń ṣọ́ iná àdúgbò rí i pé ilé tó ń tọ́ iná wò tẹ́lẹ̀ ti ń mu ún bí omi. Ó kà á sí pé a ń fa iná fún àwọn ilé mìíràn lọ́nà ẹ̀bùrú. Lọ́jọ́ Ajé, ó pa iná wa láti ọ́fíìsì yín, láìsí ẹni tó gun òpó.

5. Lọ́jọ́ kejì, àwọn òṣìṣẹ́ yín wá. Wọn kò rí wáyà kankan tó jáde nílé wa, ṣùgbọ́n wọ́n ní ohun tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni àwọn ń tẹ̀ lé. Ìyá ọkọ mi, Màmá Rachel, bi wọ́n pé olè wo ni wọ́n máa ń bu omi sí lẹ́sẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kó tó wọlé, nítorí òun fúnra òun ló fọ ẹsẹ̀ mi lójú gbogbo àdúgbò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ kí mi kú oríire. Síbẹ̀, wọ́n lẹ bébà pupa mọ́ ilẹ̀kùn wa: ILÉ TÓ Ń JÍ INÁ.

6. Alhaji Mùbàṣírù, aládùúgbò wa, gba díẹ̀ nínú ẹja mi sí fìrísà tirẹ̀. Mo yan ìyókù kó má bàa bàjẹ́. Bébà yẹn ló dùn mí jù. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀, ìjọ Aládùúrà wa yóò wá ṣe àdúrà ìdúpẹ́ ìgbéyàwó nílé wa. N kò fẹ́ kí olè jẹ́ ohun tí wọn yóò kọ́kọ́ kà lẹ́nu ọ̀nà ìyàwó tuntun. Ta ni yóò sì ra ẹja lọ́wọ́ olè?

7. N kò bú ẹ̀rọ yín. Ọkọ mi ní bí wáyà bá já nísinsìnyí, ẹ ti máa ń mọ̀ kí àwọn ará àdúgbò tó pè yín. Mo bẹ̀ yín, ẹ dá iná wa padà kí ọjọ́ Àìkú tó dé, kí ẹni tó lẹ bébà náà sì wá yọ ọ́ ní ọ̀sán gangan, lójú àdúgbò. Ẹ kọ́ kọ̀ǹpútà náà pé kó máa béèrè lọ́wọ́ onílé kó tó pa iná. Àwọn èèyàn ń gbéyàwó ní ìlú yìí.

8. Níwọ̀n ìgbà tí ẹ̀rọ yín kò ti fẹ́ ìyàlẹ́nu, mo fi èyí tó yín létí ṣáájú. Bí Ọlọ́run bá gbọ́ àdúrà ọjọ́ Àìkú, gílóòbù kan yóò máa tàn mọ́jú nílé wa kí ọdún tó ń bọ̀ tó parí. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ sọ fún kọ̀ǹpútà yín nígbà náà pé kì í ṣe olè. Ọmọ ni.

Ẹ ṣeun tí ẹ fi sùúrù gbọ́ ẹjọ́ mi.

Èmi ni tiyín, pẹ̀lú ayọ̀,
Abigail Ọlátúbọ̀sún (Ìyáàfin),
Ìyàwó tuntun àti oníṣòwò ẹja dídì.