Irun Ojú Rẹ Kò Jẹ́ Kí N Sùn

Ẹlẹ́rìn-ín mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé ò ń jẹun bó ṣe yẹ? Ọlọ́run tó mú ọ dé ìlú ńlá yẹn kò ní fi ọ́ sílẹ̀ níbẹ̀. Ara tiwa le díẹ̀, orúnkún mi ṣì ń dùn mí, òrùlé ilé ìdáná ń jò, àbúrò bàbá rẹ ní òun máa tún un ṣe lọ́la, o sì mọ ọ̀la tirẹ̀.

Ohun tó jẹ́ kí n kọ̀wé ni fídíò tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù ìyàwó télọ̀. Ó gbé e wá, ó ní Màmá, ẹ wá wo ọmọ yín. Mo rí ọ tí o jókòó síwájú jígí, o ò sọ̀rọ̀, o ò rẹ́rìn-ín, irun òkè ojú rẹ ló kàn ń dìde tó ń wálẹ̀, ọ̀kan á gòkè, èkejì á dúró, bíi pé eṣinṣin bà lé e tí kò sí ọwọ́ láti lé e. Mo kí ọ, o ò dáhùn. Mo tún kí ọ, irun ojú lo gbé sókè sí mi. Ọmọ tí mo kọ́ ní ẹ̀kọ́ ilé! Ìgbà yẹn ni mo figbe ta pé gìrì ti mú ọmọ mi.

Mo fi ìborùn wé fóònù náà kí atẹ́gùn má fẹ́ sí ọ lójú, ó di ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní iṣẹ́ rẹ ni, pé ẹ̀yin lẹ ń ya àwọn èèyàn inú kàtúùnù, pé bí irun ojú wọn bá ga, ẹnu yà wọ́n, bó bá sún mọ́ra tó sì wálẹ̀, inú ń bí wọn, pé ojú ara rẹ lo kọ́kọ́ ń wò kó o tó yà á. Mo bi í pé ṣé wọn ò bí irun ojú mọ́ àwọn ọmọ ìlú ńlá ni, tó fi jẹ́ pé ẹni tó kàwé ni wọ́n ń gbà síṣẹ́ láti bá wọn fi sí i? Ó ní kí n rọra máa lọ sílé.

Mo lọ sílé, ọkàn mi ò bá mi lọ. Mo ní kí ìyàwó télọ̀ tún fi fídíò náà hàn mí. Níparí, ibi tí o ti nawọ́ láti pa kámẹ́rà, irun ojú rẹ méjèèjì gòkè láàárín, etí wọn rọ̀ sílẹ̀ bí òrùlé ilé. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́. Bí o ṣe ṣe ojú nìyẹn lọ́jọ́ tí wọ́n gbé òkú bàbá rẹ jáde nílé, tí ò ń sọ fún àwọn àlejò pé o wà dáadáa.

Mo pè ọ́, o ní kò sí nǹkan kan, Màmá, iṣẹ́ ló pọ̀. O tiẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ojú lọ̀rọ̀ wà. Nígbà tí mo bi ọ́ pé ta lò ń bá jẹun nírọ̀lẹ́, o dákẹ́ títí káàdì fi tán.

Ọmọ mi, ta ló ṣe ọ́? Bó bá jẹ́ ọ̀gá rẹ ni, sọ fún un pé o ní ìyá. Bó bá jẹ́ pé o kàn dá wà ni, ìyẹn náà ní oògùn.

Fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi. Má fi sínú ẹ̀rọ ara ògiri báǹkì o, ó gbé káàdì àbúrò bàbá rẹ mì lọ́jọ́sí, kò sì tọrọ àforíjì. Fún awakọ̀ tó ń na ọ̀nà wa. Owó àlọ nìkan ni kí o fi ránṣẹ́, ti àbọ̀ ò tíì yá, mo fẹ́ kọ́kọ́ jókòó tì ọ́ ná.

Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí ojú rẹ rí ohun tí ẹnu rẹ ò ní lè sọ fún mi.

Èmi ni,
Ìyá rẹ.