Ìwé Tí Rẹ̀mí Kọ̀

Ṣakí, oṣù kẹjọ, 1955.

Ọláwuyì ọmọ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara ìyàwó rẹ le, àti ti Rẹ̀mí? Ṣé òjò tí wọ́n ní ó ń rọ̀ ní Ṣómólú kò tíì wọlé bá yín lórí ibùsùn ní Fọlá Àgorò yẹn? Ọlọ́run tí kì í tòògbé yóò máa ṣọ́ yín, ẹ kò ní rin ìrìn òfò, àrùn kò ní mọ ojúlé yín. Ní tèmi, mo wà láyé, orúnkún ló ń dùn mí, iṣu ti ta, ewúrẹ́ wa sì bí ìbejì. Ṣùgbọ́n ìwọ ti sọ mí di ẹni yẹ̀yẹ́ ní ìlú tí wọ́n bí mi sí.

Ìwé tí o ní kí Ràsákì bá ọ kọ ní oṣù karùn-ún ló dá a sílẹ̀, Ràsákì tó ń gbowó lọ́wọ́ ènìyàn ní Fádèyí kó tó bá wọn kọ lẹ́tà. Ràsákì kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, bóyá o kò sanwó àmì mọ́ ọn. Ohun tí mo rí níbẹ̀ ni pé láti ọjọ́ tí Rẹ̀mí ti wọ ilé-ìwé ọ̀fẹ́ ló ti “ko iwe,” tí olùkọ́ sì tìtorí rẹ̀ ránṣẹ́ pè ọ́. Èmi kà á pé ọmọ ọdún mẹ́fà kọ ìwé. Inú mi dùn débi pé n kò lè jẹun. Mo gbà pé ńṣe ni olùkọ́ fẹ́ wo ojú bàbá tó bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo pa àkùkọ mi pupa, mo gbé ọpẹ́ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì Onítẹ̀bọmi, mo dúró níwájú ìjọ, mo ní ọmọ-ọmọ mi ti kọ odindi ìwé parí ní Èkó, kí wọ́n tọ́jú owó tí wọn yóò fi rà á.

Nígbà Iléyá ni Munirat, ọmọ aládùúgbò wa, ti Ṣómólú dé. Mo bi í pé ẹyọ mélòó ló mú wá nínú ìwé náà. Ọmọ yẹn ní, “Bàbá, Rẹ̀mí ò kọ ìwé o. Ìwé ló kọ̀.” Àwọn tó jókòó lójúde bú sẹ́rìn-ín. Títí di òní, bí mo bá ń lọ sóko, àwọn ọmọdé a máa bi mí pé ìwé dà.

Munirat náà ló wá là á yé mi pé Rẹ̀mí kì í fọwọ́ kan pẹ́ńsùlù, pé bí wọ́n bá gbé síléètì fún un, abẹ́ bẹ́ǹṣì ló ń jù ú sí. Ó ní o ti fi igi nà án títí, o sì ti búra pé bí wọ́n bá wọlé padà ní oṣù kẹsàn-án tí kò kọ nǹkan kan, o máa yọ ọ́ kúrò ní ilé-ìwé kó máa bá ìyá rẹ̀ ru ẹja láti Ìlàjẹ ní Bàríga. Ó ní olùkọ́ rẹ̀ tó ń jẹ́ Leah, ọmọ àwọn apẹja ibẹ̀, bẹ̀ ọ́ pé kí o má nà án mọ́, pé kí o jẹ́ kó máa fi ìka ya ohun tó bá wù ú sórí iyẹ̀pẹ̀, kó máa kọ orúkọ ẹja tí ìyá rẹ̀ ń tà, kó sì máa rí àgbà tó ń kọ̀wé nínú ilé, nítorí ohun tí ọmọdé kò bá rí lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni kì í wù ú.

Mo kọ́kọ́ fi olùkọ́ yẹn ṣe ẹlẹ́yà. Ìjọba sanwó ilé-ìwé, kí ọmọ wá máa tan iyẹ̀pẹ̀ bí adìẹ! Èmi kò fi bẹ́ẹ̀ gba gbogbo ọ̀rọ̀ àwọn olùkọ́ wọ̀nyí gbọ́. Munirat fún mi ní pẹ́ńsùlù kan, mo rí i pé òyìnbó lẹ rọ́bà ìpàwérẹ́ mọ́ ìdí rẹ̀, èyí tó fi hàn pé àwọn fúnra wọn kò gbẹ́kẹ̀ lé ohun tí wọ́n bá kọ. Mo ti gé ti èmi dànù. Ọ̀rọ̀ mi kì í yẹ̀.

Àmọ́ nígbà tí mo rò ó dáadáa, ìwọ gan-an ni ẹ̀gàn tọ́ sí. Ìwọ tí mo ta kẹ̀kẹ́ mi kí o lè ka ìwé mẹ́fà! Ọdún kẹsàn-án rèé tí o ti wà l'Ékòó, kò sí lẹ́tà kan tí kì í ṣe ọwọ́ Ràsákì ló kọ ọ́. O ní ọwọ́ káfíńtà ti le jù. Irọ́ ni. Pẹ́ńsùlù kì í kúrò ní etí rẹ, pákó nìkan lo mọ̀ ọ́n kọ nǹkan sí. Òwú tí ìyá gbọ̀n lọmọ ń ran. Ta ni Rẹ̀mí rí tó ń kọ̀wé nínú ilé yẹn? Ohun tó kọ́ lára rẹ lo wá ń nà án fún, ojú ò sì tì ọ́.

Má yọ ọmọ yẹn kúrò ní ilé-ìwé. Ya tákàdá kan sí méjì, kí ẹ jókòó sórí ẹní, mú ìdajì, fún un ní ìdajì. Kọ tìrẹ sí mi, má yọjú wo tirẹ̀, má sì tún un ṣe. Bó bá ya ẹja, ẹja náà ni kó jẹ́. Bó bá fa ìlà kan ṣoṣo, èmi yóò kà á. Mo fi sítáḿpù sínú ìwé yìí. Orí Ọbabìnrin ló wà lára rẹ̀, ẹ má fi ahọ́n lá a bí àwọn aláìlẹ́kọ̀ọ́, omi tútù ni kí ẹ fi lẹ̀ ẹ́, ẹ̀yìn orí aláṣẹ kì í ṣe ohun tí à ń lá. Kí o sì fi ṣílè mẹ́wàá há inú ìwé tí ẹ bá kọ, kí n fi ra àkùkọ mìíràn.

Olúwa yóò bùkún iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, ayùn kò ní gé ọ lọ́wọ́, Rẹ̀mí yóò ṣe ju gbogbo wa lọ.

Ọ̀rọ̀ kan kù tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí àìsàn dá ìyá rẹ dùbúlẹ̀, abẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ni gbogbo lẹ́tà rẹ wà. Ó ní kí n ka èyí tó dé kẹ́yìn fún òun. Nígbà tí mo kà á dópin, níbi tí Ràsákì ti fi èdè ọ́fíìsì pè ọ́ ní ìránṣẹ́ rẹ̀ onígbọràn, ó bi mí pé ta ló ń sọ̀rọ̀ báyẹn. Mo ká lẹ́tà náà, mo dá a padà sábẹ́ ìrọ̀rí. Ó kú láìrí ọwọ́ ìwọ fúnra rẹ lórí ìwé.

Èmi ṣì wà láyé.

Bàbá rẹ,
Àkànó Adéníjì.