Pátákó Aláwọ̀ Mẹ́ta àti Yanrìn Ọmọ Mi

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹta oṣù Kẹta

Wọ́n ti sọ mí di ọ̀kan nínú àwọn tọ́rọ̀ kàn. Lẹ́tà ilé-iṣẹ́ tó ń kọ́ afárá ló wí bẹ́ẹ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti ń mí eruku tipa wọn lójú ọ̀nà yìí, ọ̀rọ̀ kò kàn mí. Ìgbà tí wọ́n rí i pé àdúgbò lè dìde kí iṣẹ́ afárá wọn dúró, ni ọ̀rọ̀ wá ṣàdédé kàn mí. Àwọn ará òpópónà wa ní kí n lọ ṣojú àwọn. "Tísà, ẹ̀yin lẹ gbọ́ gbólóhùn ńlá." Òótọ́ ni. Mo gbọ́ ọ. Mo sì máa ń gbọ́ bó ṣe ṣófo nínú.

Ìpàdé náà: yàrá onípáànù lẹ́bàá ibi iṣẹ́, tútù bí ilé òkú. Bísíkíìtì lórí tábìlì. Ọkùnrin kan dìde, bàtà rẹ̀ mọ́ ju bó ṣe yẹ kí bàtà ẹni tó ń kọ́ afárá mọ́ lọ. Ó ní òun ni Alámòójútó Ewu Àjọṣe. Mo ní kó tún un pè. Ó tún un pè — ó dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn tó ń kó yanrìn, òkúta, irin àti sìmẹ́ńtì wá fún afárá má bá ilé-iṣẹ́ jà, kí wọ́n má sì bá ara wọn jà, kí iṣẹ́ má baà dúró. Nígbà èwe mi, àgbà ilé là ń pe ẹni tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, kò sì ní káàdì ìdánimọ̀ lọ́rùn.

Alájọṣe ni mo máa pè é nínú ìwé yìí. Ọpẹ́ ni pé n kò kọ́ ọ rí ní kíláàsì. Ẹ̀bi ẹlòmíràn ni.

Ó ní pátákó. Orúkọ gbogbo àwọn tó ń kó ẹrù wá ló wà lára rẹ̀, bọ́tìnì kọ̀ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ ewé: àjọṣe dán mọ́rán. Àwọ̀ ìyeyè: ẹ ṣọ́ra. Pupa: ewu. Báwo lèèyàn ṣe ń di ewé? Kó máa wá sípàdé ní gbogbo Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, kó jẹ bísíkíìtì, kó rẹ́rìn-ín síbi tí Alájọṣe bá ti rẹ́rìn-ín. Ọmọ mi obìnrin tó ń fọ yanrìn fún wọn kò wá. Yanrìn ló ń fọ̀. Ìyeyè.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹrin

Mo lọ sọ́gbà ọmọ mi, ìyẹn Ìyá Yanrìn. Ọkọ rẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ ibẹ̀ kó tó kú. Amọ̀ pọ̀ nínú yanrìn odò tiwa. Tí wọn kò bá fọ̀ ọ́, kọnkéré kò ní di ara rẹ̀ mú. Ẹ̀rọ ìfọyanrìn yẹn ń ké bí ẹni tí eyín ń dùn, òkìtì funfun sì ń ga lẹ́yìn rẹ̀. Mo sọ fún un pé ó ti di ìyeyè.

"Ṣé ó ń ranni, bàá mi?"

Mo ní kó wá sípàdé lẹ́ẹ̀kan, kó jẹ bísíkíìtì kan. Ó ní bóun bá lọ jẹ bísíkíìtì, ta ni yóò dúró ti ẹ̀rọ? Bí èèyàn bá bí ọmọ tó gbọ́n, kó má retí ìsinmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹwàá

Ìpàdé kejì. Àwọn méjì mìíràn tó ń kó yanrìn jókòó níwájú, ewé làwọn méjèèjì. Ẹlẹ́rìn-ín — eyín rẹ̀ kì í wọlé. Onífìlà — n kò tíì rí orí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó má ní. Alájọṣe ní kí kálukú sọ bí àárín òun àti ilé-iṣẹ́ ṣe rí lọ́kàn rẹ̀. Ẹlẹ́rìn-ín ní ó rí bí oyin. Onífìlà ronú títí, ó ní tòun náà rí bí oyin.

Ó kàn mí. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé afárá là ń kọ́ níbí ni, àbí ìyàwó là ń fẹ́?"

Yàrá dàrú. Ẹnjiníà obìnrin tó ń bójú tó kọnkéré rẹ́rìn-ín títí omijé fi jáde lójú rẹ̀. Alájọṣe náà rẹ́rìn-ín, ó kàn pẹ́ díẹ̀ ni. Ó wá ní, "Bàbá Tísà, ọmọ yín dà?"

"Ó wà níbi iṣẹ́. Ṣé ẹ mọ ibẹ̀?"

Ẹ̀rín tún gbalẹ̀. Inú mi dùn délé. Mo fi tíì ṣe ara mi lálejò.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kọkànlá

Ọmọ mi ti di pupa.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kejìlá

Mo wádìí ohun tí pupa túmọ̀ sí. Tipa rẹ̀ kankan kò gbọdọ̀ wọ ibi iṣẹ́ mọ́. Ẹni tó bá wà lára pátákó kò sì gbọdọ̀ ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni pupa. Bí àṣírí bá tú, àti olùtà àti olùrà ni wọ́n ń lé. Òfin ilé-iṣẹ́ ni, láti ọ̀dọ̀ àwọn ọ̀gá tí kò fẹsẹ̀ tẹ yanrìn rí.

Kò sí iṣẹ́ mìíràn tó ń lo yanrìn ní gbogbo agbègbè yìí ju afárá lọ. Bí ọgbà yẹn bá tì, ọmọ mi yóò kó ọmọ rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀, níbi tó jìnnà, kó lọ máa jókòó sílé olówó bí àlejò tí kò lọ́jọ́ ìpadàbọ̀. Èmi yóò wá máa bá àwọn ìwé mi sọ̀rọ̀. Nítorí gbólóhùn kan tó dùn lẹ́nu mi.

Mo retí ẹkún nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ń bu epo sí ẹ̀rọ. Mo ní n ó lọ bẹ Alájọṣe. Ó nà dúró pẹ̀lú igò epo lọ́wọ́.

"Ẹ má bẹ ẹnikẹ́ni. Ẹ ṣáà máa lọ sípàdé bí ẹ ṣe ń lọ."

"Kí n lọ máa wo ojú rẹ̀?"

"Kí ẹ máa wo ojú rẹ̀, kí ẹ sì máa bú u. Ṣé kò rọ̀ yín lọ́rùn ni?"

Ìyá rẹ̀ náà kì í sunkún níwájú èèyàn. Ọlọ́run ló mọ ohun tó ń ṣe bó bá ku òun nìkan.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

N kò mọ ibi tí n ó ti bẹ̀rẹ̀.

Mo gbé búrẹ́dì lọ fún un láàárọ̀. Tipa méjì wà nínú ọgbà, wọ́n ń bu yanrìn sí wọn lẹ́yìn. Mo mọ awakọ̀ àkọ́kọ́: ti Ẹlẹ́rìn-ín ni. Mo wo ìkejì: orúkọ Onífìlà ló wà lára ilẹ̀kùn rẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà.

"Látìgbà wo?"

"Látìbẹ̀rẹ̀, bàá mi. Ta ló tún ní ẹ̀rọ ìfọyanrìn níbí?"

Orúkọ mẹ́ta lára pátákó, yanrìn kan ṣoṣo. Orí èèyàn ni pátákó ń kà, kò ka yanrìn. Ẹ̀tẹ̀ ń bẹ nílẹ̀, làpálàpá ni ọkùnrin yẹn ń fi ìpara ra. Bí ọgbà kan yìí bá dákẹ́ lónìí, kọnkéré dákẹ́ lọ́la, afárá dákẹ́ lọ́túnla — kò sì mọ̀. Ó ń ka eyín Ẹlẹ́rìn-ín.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín. Ó di apá mi mú. "Bàá mi, bí ẹ bá fẹnu kan èyí nípàdé, wọ́n á lé àwọn méjèèjì, ilẹ̀kùn ẹ̀yìn tó kù fún mi náà á tì. Ẹ̀yin náà lẹ kọ́ mi pé ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́."

Mo ti ṣèlérí. Kò rọrùn fún mi.

Ọjọ́ Ajé, ọjọ́ kẹrìndínlógún

Mo ti rí gbólóhùn tí ǹ bá fi tú àṣírí yanrìn yẹn nípàdé. Ó kúrú, ó mú, ó ní ìrù. Mo kà á sókè nílé ìwẹ̀. Láyé mi n kò tíì ṣe èyí tó dára tó o. Mo ní láti gbé e mì.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàdínlógún

Alájọṣe kéde pé láti ìgbà tí òun ti yọ ẹni pupa kúrò, yanrìn ti mọ́ sí i. Ó ní ẹ wo ohun tí àjọṣe rere ń ṣe. Ẹnjiníà kọnkéré jẹ́rìí sí i pé yanrìn mọ́ gan-an. Wọ́n pàtẹ́wọ́. Onífìlà tẹrí ba gba àtẹ́wọ́ fún yanrìn ọmọ mi.

Mo bú pátákó rẹ̀. Mo bú bísíkíìtì rẹ̀. Mo bú táì ọrùn rẹ̀. N kò fẹnu kan yanrìn.

Ọjọ́ Ẹtì, ogúnjọ́

Inú ń bí mi. Kò sí ohun mìíràn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlélógún

Ọ̀gá àgbà ti oríléeṣẹ́ dé. Ọ̀sẹ̀ méjì ni yóò lò. Ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í jẹ bísíkíìtì. Ó dúró síwájú pátákó, ó fi ìka kan pupa.

"Ta nìyí?"

Alájọṣe ṣàlàyé. Ó tún nawọ́ sí mi, ó ní bàbá rẹ̀ nìyẹn. Ọ̀gá àgbà yíjú. "Bàbá, kí lẹ ní lòdì sí pátákó yìí?"

Hà! Gbólóhùn náà dìde dúró lórí ahọ́n mi bí ọmọ tí wọ́n pe orúkọ rẹ̀. Mo rí Ẹlẹ́rìn-ín: eyín ti wọlé, ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Onífìlà ṣí fìlà — ó ní orí. Mo rántí ẹ̀rọ tó ń ké àti ọmọ-ọmọ mi tó ń gun òkìtì yanrìn. Mo gbé e mì.

Ṣùgbọ́n inú tó ń bí mi ní láti gba ibì kan jáde. Mo ní, "Ọ̀gá, mo fi ọdún púpọ̀ kọ́ àwọn ọmọdé ní àwọ̀. Nígbà tí wọ́n bá pé ọmọ ọdún mẹ́fà, a máa ń kó wọn lọ sórí nǹkan mìíràn. Ó dùn mí pé kò sẹ́ni tó bá wa kó eléyìí." Mo ń bá a lọ. Mo bú bàtà Alájọṣe. Mo bú bó ṣe ń pe oyè rẹ̀. Mo ní bí wọ́n bá gbé òun fúnra rẹ̀ sórí afárá, afárá á ṣì fúyẹ́. Ẹnjiníà kọnkéré ń bo ẹnu. Ojú Alájọṣe ń pọ́n, ó ń tẹ bírò rẹ̀ ní tẹ-tẹ-tẹ.

Ọ̀gá àgbà rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Pátákó yìí kì í ṣe irọ́. Ẹni pupa gidi rèé." Ó buwọ́ lu ìròyìn Alájọṣe.

Mo rìn wálé bí ọ̀dọ́mọkùnrin.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Mo lọ sọ́gbà kí ọmọ mi lè kí mi kú iṣẹ́.

Alájọṣe wà níbẹ̀. Ó jókòó lórí korobá tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, amọ̀ kún bàtà rẹ̀, ó ń bá ọmọ mi jẹ búrẹ́dì. Ó fò dìde.

"Ẹ káàárọ̀, Bàbá Tísà. Ẹ kú iṣẹ́ àná. Ti afárá tó fúyẹ́ yẹn… ẹ pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí n kò lè rín níbẹ̀."

Ọmọ mi ní kí n jókòó. Wọ́n sọ ọ́ fún mi báyìí:

Àwọn ọ̀gá lókè kì í gba pátákó tí kò ní pupa gbọ́. Bí gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ewé, wọ́n á ní Alájọṣe ń purọ́, wọ́n á rán ẹlòmíràn wá, ẹni tí yóò rí pupa níbi tí kò sí, tí yóò sì fọ́ gbogbo nǹkan. Torí náà, ẹnì kan gbọ́dọ̀ di pupa. Alájọṣe tẹ̀lé àwọn tipa lọ́jọ́ kan, ó rí i pé inú ọgbà kan ni gbogbo yanrìn ti ń wá. Ó wọlé, ó bi ọmọ mi: ta ni pupa kò ní pa? Ọmọ mi ní, "Èmi ni. Màá ṣì máa tà á fún àwọn tó kù. N kò sì ní jókòó sípàdé yín mọ́."

Wọ́n ti parí èyí kí n tó sọ̀rọ̀ ìyàwó fífẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Kì í ṣe ẹnu mi ló sọ ọ́ di pupa. Ó yẹ kí inú mi dùn.

Mo bi ọmọ mi ìdí tí kò fi sọ fún mi.

"Bàá mi, bí ẹ bá mọ̀, ẹ ò ní lè bú u bó ṣe yẹ. Bí bàbá ẹni pupa bá sì ń rẹ́rìn-ín, wọ́n á fura."

Alájọṣe gbọn yanrìn kúrò lára búrẹ́dì. "Ẹ̀gàn yín ló ń bò wá, bàbá. Ó ku ìpàdé kan kí ọ̀gá àgbà tó padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dín in kù."

Ọkùnrin yìí kò gọ̀. Ìyẹn ni n kò lè dárí jì í.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Mo gbìyànjú láti tún kórìíra rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ láti orí táì. Kò wá.

Ọjọ́ Àìkú, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n

Mo kọ èébú mẹ́rin sílẹ̀. Wọ́n dára. Wọ́n ti kú.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n

Yàrá kún. Ọ̀gá àgbà jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní kí òun tún gbọ́ ti bàbá kóun tó máa lọ. Wọ́n ti ń múra ẹ̀rín sílẹ̀. Alájọṣe gbójú sókè wò mí, ó dúró bí ẹni tó ń retí pàṣán.

Mo dìde. Mo ní bàtà rẹ̀ mọ́ jù. Mo ní pátákó rẹ̀ tóbi jù. Mo gbọ́ ohùn ara mi: ohùn olùkọ́ tó ń pe orúkọ kíláàsì. Ẹlẹ́rìn-ín nìkan ló rẹ́rìn-ín, ìyẹn kò sì ka nǹkan kan. Ẹnjiníà kọnkéré wo ọwọ́ ara rẹ̀. Mo fi "ẹ ṣeun" kún un. Ẹ̀rù bà mí bó ṣe bọ́ lẹ́nu mi. N kò tíì sọ bẹ́ẹ̀ fún Alájọṣe rí.

Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó wò mí. Ó wo Alájọṣe. Ó wo bọ́tìnì pupa pẹ́.

"Bàbá, ọgbà ọmọ yín yìí, ṣé ó jìnnà síbí?"

Mo ní ó jìnnà díẹ̀.

Ó yíjú sí fèrèsé. Ẹ̀rọ ìfọyanrìn ẹni pupa tí kò yẹ kó ní oníbàárà ń ké lọ́hùn-ún, a sì ń gbọ́ ọ.