Ọ̀rá Ara Àwọn Ọmọ Ewúrẹ́

Ìyá mi,

Irọ́ ni wọ́n pa fún yín, n kò jí ewúrẹ́ jẹ. Ara mi le.

Níbi iṣẹ́ ìwádìí tí mo wà, a ń fi epo sí oúnjẹ àwọn ọmọ ewúrẹ́ kan, a kì í fi sí ti àwọn yòókù, kí ọ̀gá wa lè fi ọ̀rá ara wọn wéra bí a bá pa wọ́n. Nílé wa, a kì í bọ́ ọ̀kan kí èkejì máa wòran. Mo ń bu epo fún àwọn yòókù náà ní kọ̀rọ̀.

Nígbà tí a pa wọ́n, ọ̀rá gbogbo wọn rí bákan náà. Iṣẹ́ ọdún méjì wọmi. Ọ̀gá kọjú sí mi, ó bi mí bóyá mo fún àwọn yòókù ní epo. Kí n tó lanu, alápatà ti pariwo: "Èyí tó ń kí ewúrẹ́ kó tó kí wa? Kò lè ṣe é láé!" Aṣọ́nà búra pé kì í ṣe èmi, agbálẹ̀ náà búra. N kò ka àwọn tó tún búra mọ́, ilẹ̀ ni mo ń wò.

Ọ̀gá ń sọ báyìí pé òun ló ṣi epo wọ̀n. N kò tíì sọ nǹkan kan.

Ẹ bá mi kí Bàbá. Bí wọ́n bá ń fi mí yangàn, ẹ rọra dá wọn lẹ́kun.

Ọmọ yín alágídí.