Àkísà Pupa Lára Tẹ̀tẹ̀ Màmá

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹta oṣù kẹsàn-án
Mo fi àkísà pupa so ìdí tẹ̀tẹ̀ mẹ́fà. Irúgbìn nìyẹn, a ò gbọdọ̀ já wọn sè. Gbogbo irúgbìn tó kù nínú ìgò tí màmá mi fi sílẹ̀ kí wọ́n tó kú ni mo gbìn lọ́tẹ̀ yìí. Ìgò ti ṣófo. Tẹ̀tẹ̀ tí abẹ́ ewé ẹ̀ pupa yìí, kò sẹ́lòmíì tó ní in nínú gbogbo oko ẹ̀yìn ilé alájà yìí. Ojúlalákàn bẹ̀ mí pé tó bá gbó, kí n bu díẹ̀ fún òun. (Òun ló ni ilẹ̀ tó tẹ̀ lé tèmi. Ojú ẹ̀ kì í kúrò lára nǹkan oníǹkan.) Mo ní màá wò ó. Irọ́ ni, mi ò ní wo nǹkan kan.

Tọ́sìdeé, ọjọ́ kẹfà
Wọ́n ti gé orí ọ̀kan lọ! Èyí tó gbó ṣáájú gan-an ni. Ó ku márùn-ún. Mo pariwo lé Ojúlalákàn lórí nídìí ẹ̀rọ omi, lójú gbogbo ayé. Ó ní bóyá ẹyẹ ni. Ẹyẹ wo ló ń mú ọ̀bẹ dání?

Sọ́ńdè, ọjọ́ kẹsàn-án
Òjò. Mi ò lọ.

Túsìdeé, ọjọ́ kọkànlá
Akọ̀wé oko, tó ń pín ilẹ̀ fún wa, wá bá mi níbi tí mo ti ń lọ aṣọ oníbàárà. Ó ní ilẹ̀ mi ti di igbó, àwọn tó ń dúró de ilẹ̀ sì lé ní ogójì. Tí n kò bá ro ó kó tó di Sátidé, wọ́n á gbé e fún ẹlòmíì. Mo ní irúgbìn ni àwọn tó ga yẹn. Ó ní kò burú, kí n fi márùn-ún yẹn sílẹ̀, kí n ro ìyókù. Ọ̀sẹ̀ méjì sí i ni irúgbìn mi nílò kó tó gbó. Ṣé mo ní ọwọ́ mẹ́rin ni?

Fúráìdeé, ọjọ́ kẹrìnlá
Aṣọ kún iwájú mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù, mo ní mo fẹ́ pàdánù ilẹ̀ màmá. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún.

Sátidé, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún
Ẹ̀gbọ́n mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Ilẹ̀ mọ́ tónítóní. Wọ́n ń làágùn, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ọkọ̀ akólẹ̀ ti kó gbogbo pàǹtí lọ.
Àwọn tí mo so àkísà mọ́ ńkọ́?
Wọ́n ní àwọn yẹn ni àwọn kọ́kọ́ hú. Wọ́n rò pé akọ̀wé ló fi àkísà sàmì sí ohun tó pè ní igbó. Wọ́n tiẹ̀ tú àkísà náà, wọ́n fọ̀ ọ́, wọ́n sá a fún mi.
Kí ni màá sọ? Oore ni wọ́n ṣe mí. Mo ní, “Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi,” mo bá jókòó sórí garawa, ni mo bá bú sẹ́kún. Nígbà tí mo ṣàlàyé, àwọn náà jókòó ti mí, wọ́n ń sunkún. Ìyá kan náà ló kúkú bí wa.
Akọ̀wé dé, ó ní ilẹ̀ mi ló mọ́ jù.

Mọ́ńdè, ọjọ́ kẹtàdínlógún
Mi ò fẹ́ fojú kan oko.

Wẹ́sìdeé, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n
Mo lọ. Ojúlalákàn ní kí n máa bọ̀. Láti ọjọ́ tí mo ti pariwo lé e, a ò kíra. Ó mú mi lọ sẹ́yìn àgbàdo ẹ̀. Tẹ̀tẹ̀ kéékèèké hù síbẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo yí ewé kan. Abẹ́ ẹ̀ pupa!
Ó ní, “Èmi ni mo gé e. Mo purọ́. Màmá ẹ ti ṣèlérí ẹ̀ fún mi, ikú ni ò jẹ́. Mo sì rí i pé ìwọ ò ní fún mi láé.”
Òótọ́ ni. Olè ni, òótọ́ sì ni. Ó di irúgbìn tó kù sínú bébà, ó nà án sí mi. Mo kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.”
Mo gba ilé ẹ̀gbọ́n mi kọjá, mo bu ìdajì fún wọn kí wọ́n gbìn ín sínú garawa lẹ́yìnkùlé. Wọ́n bi mí pé ṣé kí àwọn so àkísà mọ́ ọn.
Mo ní rárá o.