Ọmọ Tí Kì Í Sunkún

Ọjọ́ Jímọ̀, ìrọ̀lẹ́.

Ara mi kò balẹ̀ nítorí Àlíù, ọmọ Àǹtí Ràfíà, ẹ̀gbọ́n mi. Kò tíì pé ọmọ ọdún méjì, gbogbo àdúgbò ló sì ń yìn ín pé kì í sunkún.

Mo yà lọ́dọ̀ Ìyá Múdà, aládùúgbò tí Àǹtí ń fi í sílẹ̀ fún láti ìdájí kí wọ́n tó lọ din dòdò lójú títì Àpòmù. Ìṣojú mi ni Àlíù ti ṣubú. Ẹ̀jẹ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Kò ké, kò tilẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni. Ó dìde, ó fi aṣọ nu ẹnu.

Ìyá Múdà ní, “Ṣé o rí i? Ọmọ dáadáa!”

Nígbà tí Àǹtí dé, mo sọ ọ́ láìfi bò: ọmọ yìí ti gbà pé kò sẹ́ni tó máa dá òun lóhùn tí òun bá ké.

“Múfú, ìwọ tí o kò tíì bímọ! Ṣé kí n jókòó tì í, ká jọ máa jẹ afẹ́fẹ́ ni?”

“Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo wà lẹ́yìn yín. Ẹ ṣáà pè é.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí i. “Àlíù mi, wá, kí n pọ̀n ẹ́.”

Mi ò tíì rí ọmọ tó gbọ́ bẹ́ẹ̀ tí kò sáré. Àlíù dúró, ó ń wo ẹ̀yìn ìyá rẹ̀ bí ẹni ń wo ẹ̀yìn àlejò.

Wọ́n tún pè é. Ohùn wọn ti ń gbọ̀n.

Kò wá.